Mo fẹ́ sá eré ọ̀nà jíjìn ní aṣálẹ̀ Sàhárà, ìyàwó àtàwọn ọmọ á tẹ̀ lé mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Tákíe · Ọjọ́ Ajé, 6:42 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará wa. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa níbí ló ń sáré láàárọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Láti ìgbà tí mo ti parí eré kìlómítà 42 ní Èkó, eré aṣálẹ̀ ni ọkàn mi ń fà sí. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Marathon des Sables ní gúúsù Mòrókò. Ó tó nǹkan bíi kìlómítà 250, wọ́n pín in sí ìpele ìpele, olúkúlùkù ló sì ń gbé oúnjẹ àti ibùsùn rẹ̀ sẹ́yìn láti ọjọ́ kìíní títí dé ìparí. Oṣù April ni wọ́n sábà máa ń sá a.

Èmi àti ìyàwó mi sì ti ń tọ́jú owó láti kó àwọn ọmọ lọ sí ìlú òkèèrè nígbà ìsinmi. Ọkùnrin pé ọdún 12, obìnrin pé 8. Mo wá rò ó pé, kí ló dé tí a ò ní so méjèèjì pọ̀? Kí wọ́n máa wo Mòrókò, kí n máa sá eré tèmi, ká jọ padà wálé. Ìyàwó mi ò sọ pé rárá, kò sì tíì sọ pé ó dára. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n má fi owó ọmọ sáré. Ooru kò bà mí lẹ́rù, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, ọ̀nà Ìlọrin ni mo ti ń sáré. Ṣé ó ṣeé ṣe? Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Asáré_Ọ̀yọ́ · Ọjọ́ Ajé, 8:15 àárọ̀

Ọ̀gá mi, ẹ kú ìmúra. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń tẹ̀ lé ìròyìn eré yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, nítorí àwòrán òkìtì iyanrìn tí wọ́n ń gbé kiri kì í sọ ìdajì rẹ̀.

Ọmọ Faransé kan, Patrick Bauer, ló dá a sílẹ̀. Lọ́dún 1984, òun nìkan fẹsẹ̀ rin nǹkan bíi kìlómítà 350 nínú Sàhárà lápá Algéríà, ó ru oúnjẹ àti omi rẹ̀ sẹ́yìn. Ọdún 1986 ni wọ́n kọ́kọ́ sá eré náà, èèyàn 23 péré ló sì wá. Lóde òní, àwọn tó ń lọ máa ń tó ẹgbẹ̀rún kan.

Àpò ẹ̀yìn yín kò gbọdọ̀ dín sí kílò 6.5, kò sì gbọdọ̀ ju 15 lọ, omi ò sí nínú ìṣirò yẹn. Oúnjẹ tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó kálórì 2,000 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbọ́dọ̀ ní kámpáàsì, tọ́ọ̀ṣì orí, fèrè, díńgí, ọ̀bẹ, àti ohun tí wọ́n fi ń fa oró ejò tàbí àkekèé jáde lára. Omi ni wọ́n ń fún yín. Èèyàn mẹ́jọ ló ń sùn nínú àgọ́ kan, orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìpele kan wà níbẹ̀ tó máa ń gùn tó kìlómítà 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ilẹ̀ máa ń ṣú bá lójú ọ̀nà. Ràkúnmí ló ń rìn kẹ́yìn gbogbo èèyàn. Bí wọ́n bá kọjá yín, eré yín parí nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹbí ti wọlé nìyí. Àgọ́ yẹn ń ṣí láti ibì kan sí ibòmíràn, aya àti ọmọ ò lè máa tẹ̀ lé e. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ máa wà nínú iyanrìn, àwọn á wà ní òtẹ́ẹ̀lì ní Ouarzazate tàbí Marrakech. Ìrìnàjò méjì lẹ fẹ́ fi owó ẹyọ kan san.

Ìyá_Ìbejì_Àpáké · Ọjọ́ Ajé, 9:03 àárọ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tẹnu obìnrin náà.

Ọkọ mi ń sáré, mo sì fẹ́ràn kó máa sáré, nítorí láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti wálẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti dúró dè é rí níbi ìparí eré ọ̀nà jíjìn kan, èmi àti àwọn ìbejì, nínú oòrùn. Wákàtí tó dá fún mi kọjá, òmíràn tún kọjá. Fóònù rẹ̀ kò lọ. Mo ń wo ojú gbogbo ẹni tó bá tiro kọjá. Ó padà dé, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní òun rọra ń rìn ni. Òun gbádùn ọjọ́ yẹn. Èmi ò gbádùn rẹ̀ rárá, àwọn ọmọ ò sì gbádùn rẹ̀.

Ìlú tiwa nìyẹn o, níbi tí mo ti lè béèrè ọ̀nà, tí mo lè ra búrẹ́dì fọ́mọ. Ọ̀gá Ọmọ_Tákíe, ní Mòrókò, èdè Lárúbáwá, èdè Amazigh àti Faransé ni wọ́n ń sọ. Ìyàwó yín àti ọmọ méjì á wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, láìmọ̀ bóyá ẹ mu omi lónìí. Ṣé ìsinmi nìyẹn jẹ́ fún un? Òun náà wà lára àwọn tó tọ́jú owó yẹn. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kankan, ẹ jókòó tì í, ẹ bi í léèrè ohun tí òun fẹ́ fi ọjọ́ wọ̀nyẹn ṣe. Ẹ má bi í bóyá ó gbà fún yín. Ẹ bi í léèrè ohun tí *òun* fẹ́.

Ọmọ_Tákíe · Ọjọ́ Ajé, 1:20 ọ̀sán

Ìyá wa, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ká sòótọ́, mi ò tíì bi í bẹ́ẹ̀. Màá bi í lálẹ́ yìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ṣé kò sí eré aṣálẹ̀ tó kúrú ju èyí lọ, tí èèyàn á sá tán lọ́jọ́ kan, tí ẹbí á sì wà nítòsí? Ọmọkùnrin mi náà ti ń bá mi sáré láàárọ̀ Sátidé.

Onígaàrí_Akẹ́sán · Ọjọ́ Ajé, 2:47 ọ̀sán

Wọ́n wà dáadáa. Méjì tí mo mọ̀ rèé.

Àkọ́kọ́ ni Sahara Marathon, nítòsí Tindouf ní Algéríà, láàárín àwọn Sahrawi tí ogun lé kúrò nílé wọn láti ọdún 1975. Láti ọdún 2001 ni wọ́n ti ń sá a, oṣù February. Kìlómítà 42 wà, 21 wà, 10 àti 5 náà wà, àwọn ọmọdé sì ní tiwọn. Èyí tó gùn jù máa ń ti àgọ́ El Aaiún gba Auserd lọ sí Smara. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé inú ilé àwọn ará ibẹ̀ ni àlejò ń sùn, wọ́n á jọ mu tíì, wọ́n á jọ jẹun. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi èyí pamọ́ fún yín: lọ́dún 2011, wọ́n jí òṣìṣẹ́ aláàánú mẹ́ta gbé ní àgbègbè yẹn. Wọ́n dá wọn sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kó ọmọ lọ gbọ́dọ̀ wádìí ètò ààbò dáadáa.

Èkejì wà ní Tùnísíà, Ultra Mirage El Djerid, nítòsí ìlú Tozeur. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2017. Kìlómítà 100 ni, ẹ máa sá a láàárín wákàtí 20, èyí tó kúrú jù ú lọ sì wà, kìlómítà 50. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Tozeur jẹ́ ìlú gidi, ó ní òtẹ́ẹ̀lì, ó ní pápákọ̀ òfuurufú, oko dabínù ló sì yí i ká. Ìyàwó àtàwọn ọmọ lè lọ wo omi tó ń ṣàn láàárín àpáta ní Chebika àti Tamerza, wọ́n lè lọ wo Chott el Djerid, adágún iyọ̀ tó gbẹ tí ojú ò lè rí òpin rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo rò pé ó bá ọ̀rọ̀ yín mu jù.

Tíṣà_Ìsàlẹ̀ · Ọjọ́ Ajé, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má gbàgbé ilé ẹ̀kọ́ o. Ìparí September tàbí October ni ti Tozeur, ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ọmọ ọdún 12 ti wà ní JSS, ibẹ̀rẹ̀ táàmù kìíní sì ni a máa ń fi ìpìlẹ̀ ìṣirò lélẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mú wọn kúrò fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tètè lọ bá olórí ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n fún yín ní iṣẹ́ tí àwọn ọmọ á máa ṣe lọ́hùn-ún. Èmi máa ń gbà fún òbí tó bá sọ fún mi ṣáájú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ètò físà láìfi falẹ̀, nítorí físà ọmọdé máa ń béèrè ìwé tó pọ̀ ju ti àgbà lọ.

Nọ́ọ̀sì_Adé · Ọjọ́ Ajé, 9:55 alẹ́

Ẹ kú àsọyé gbogbo. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ka gbólóhùn kan níbẹ̀rẹ̀ tó dá mi dúró:

> Ooru kò bà mí lẹ́rù, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé ara lé ìyẹn. Lóòótọ́, ara tó mọ ooru sàn ju ara tó ti inú òtútù wá. Lahcen Ahansal tó gba ipò kìíní Marathon des Sables nígbà 10, ọmọ aṣálẹ̀ Mòrókò ni. Ṣùgbọ́n ooru tiwa ní ọ̀rinrin nínú. Nígbà tí ẹ bá ń sáré níbí, aṣọ á lẹ̀ mọ́ yín lára, ẹ á mọ̀ pé ẹ̀ ń làágùn. Ní Sàhárà, afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé òógùn á ti lọ kí ẹ tó rí i. Èèyàn á rò pé ara òun gbẹ, omi sì ti tán lára rẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ máa ń rí i bí ètè ṣe ń là láìsí pé ẹ ṣe iṣẹ́ kankan. Ẹ fi ooru tó lè súnmọ́ 50°C kún un.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀jẹ̀. Ṣé ẹ mọ genotype yín? Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS. Ẹni tó bá jẹ́ SS tàbí SC kò gbọdọ̀ dán irú eré yìí wò. AS kì í ṣe àìsàn, ọ̀pọ̀ wọn ń sáré láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n bí ooru ńlá, àìtó omi àti àṣejù bá pàdé lára wọn, iṣan lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ohun tó ń tú jáde nínú rẹ̀ á sì lọ dí kídìnrín. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2016, lára ọmọ ogun Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó lé ní 47,000, fi hàn pé ikú àwọn AS kò ju ti àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n iṣan fífọ́ yìí fi nǹkan bí ìdajì pọ̀ jù láàárín wọn. Nítorí náà kí AS má bẹ̀rù, kó mọ ara rẹ̀. Kó rọra bẹ̀rẹ̀, kó máa sinmi, kó mu omi. Bí iṣan itan bá rọ lójijì tó ń dùn ún, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n dúdú, ó ti di ọ̀rọ̀ ọsibítù nìyẹn, kó má fara dà á.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé omi lásán ni oògùn gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń da omi mu láìsí iyọ̀ fún wákàtí púpọ̀, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wálẹ̀. Orí á máa fọ́ ọ, á máa bì, á máa sọ kántankàntan, àwọn èèyàn á tún fún un lómi sí i, ìyẹn sì lè pa á. Iyọ̀ ṣe pàtàkì bí omi.

Àwa níbí tún fẹ́ràn láti gbé oògùn ìrora mì kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ibuprofen àti àwọn irú rẹ̀ ń ni kídìnrín lára nígbà tí omi ara bá ti dín kù. Ẹ fi sílẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ́ọ́ nínú ooru, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já gaara mọ́, ẹ má dúró kí ó ṣubú. Ibòji ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ pe dókítà. Lóṣù October 2021, tí ooru mú gan-an, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò lè parí eré Mòrókò yẹn, ẹnì kan sì kú. Mi ò sọ èyí láti dá yín dúró. Mo fẹ́ kí ẹ lọ kí ẹ sì bọ̀.

Bàbá_Ìsẹ́yìn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:50 àárọ̀

Ẹ ṣeun, ọmọ mi nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìjì iyanrìn kún un. Lọ́dún 1994, ọmọ Ítálì kan, Mauro Prosperi, ọlọ́pàá tí ara rẹ̀ le, ń sá eré Mòrókò yìí nígbà tí ìjì dìde. Kò dúró. Ó ń sáré lọ, ìgbà tí ìjì rọ̀, kò mọ ibi tó wà mọ́. Ó lé ní ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n tó rí i, orílẹ̀-èdè Algéríà ni wọ́n sì ti rí i. Ìtọ̀ ara rẹ̀ ló mu, ẹ̀jẹ̀ àdán ló mu. Bí ìjì bá dìde, ẹ fi aṣọ bo imú, ẹ jókòó síbi tí ẹ wà. Ẹ má jẹ́ kí agogo ọwọ́ yín lé yín.

Ní ti ìmúra, a ò ní aṣálẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n a ní ohun tí a lè fi kọ́ ẹsẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tí odò bá fà, iyanrìn etí odò Ògùn rọ̀ tó láti fi kọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń rì. Ẹ lọ gun òkè Adó-Àwáyè tẹ̀yin ti àpò lẹ́yìn, títí dé ibi adágún Ìyàkẹ̀. Ẹ lọ ní méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ má sáré nínú igbó láàárọ̀ kùtù ní ẹ̀yin nìkan, ẹ sì yẹra fún ojú títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí àwọn tírélà.

Asáré_Ọ̀yọ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:12 àárọ̀

Bàbá, ẹ ṣeun. Mo fi kún un pé láti February sí March, kí Ọ̀gá Ọmọ_Tákíe máa sáré díẹ̀díẹ̀ lọ́sàn-án dípò àárọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú 20. Nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 ni ara fi ń mọ ooru lára. Àmọ́ kì í pẹ́ tó fi máa ń gbàgbé, nítorí náà kí ẹ tún un ṣe nígbà tí ọjọ́ eré bá kù díẹ̀. Kí ẹ ra bàtà tó fi díẹ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ yín lọ, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú, kí ẹ sì fún àwọn aránṣọ ní iṣẹ́ aṣọ tí wọ́n máa rán mọ́ bàtà yíká kí iyanrìn má wọlé. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń lé ròrò ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nínú eré.

Ní ti ètò ọjọ́ ìsinmi, èrò mi ni pé kí ẹ sá eré náà kọ́kọ́. Ọkàn yín á balẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ò sì ní máa bẹ̀rù oúnjẹ àjèjì tó lè da ikùn rú.

Ìyá_Ìbejì_Àpáké · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:40 àárọ̀

Èmi ò fara mọ́ ìyẹn, ẹ dákun. Bí wọ́n bá sá a kọ́kọ́, ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí èékánná rẹ̀ ń bọ́, kò ní lè gbé ọmọ ọdún 8 gun àpáta. Ìyá ló máa ru gbogbo rẹ̀. Kí bàbá kọ́kọ́ jẹ́ tiwọn fún ọjọ́ díẹ̀, kí àwọn ọmọ mọ ìlú, kí ìyá mọ ọjà àti ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀. Nígbà náà, bí ó bá di ọjọ́ eré, ẹ̀rù ò ní bà á láti dá wà. Ó tún yẹ kí ẹ kọ wákàtí tí ẹ rò pé ẹ máa dé ibùdó omi kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún un, àti èyí tó pẹ́ jù tí kò ní ní ìdààmú ọkàn. Kí ó ní nọ́ńbà àwọn tó ń ṣètò eré.

Onígaàrí_Akẹ́sán · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:05 àárọ̀

Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ẹ máà ná owó tabua lórí oúnjẹ inú ọ̀rá tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun. Gíráàmù 100 gaàrí ní nǹkan bíi kálórì 350. Èèpà ní ju 550 lọ, nítorí òróró inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ gaàrí nìkan lẹ fẹ́ fi pé 2,000 lójúmọ́, nǹkan bíi gíráàmù 570 lẹ máa rù. Bí ìdajì kálórì yẹn bá ti inú èèpà wá, ó bọ́ sí nǹkan bíi gíráàmù 460. Fún eré ọjọ́ púpọ̀, ìyàtọ̀ yẹn á hàn léjìká. Àádùn tí òróró wà nínú rẹ̀ dára, kílíṣí dára fún iyọ̀ àti ẹran, ó sì ṣòro kó bàjẹ́. Gaàrí ò nílò iná, ṣùgbọ́n omi mímu yín ló máa fà mu, kí ẹ fi ìyẹn sínú ìṣirò. Kí ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò nílé nígbà tí ẹ bá ń sáré gígùn. Fún Tozeur, ọjọ́ kan ni, díẹ̀ ti tó, dabínù sì pọ̀ lọ́hùn-ún.

Ọmọ_Tákíe · Ọjọ́rú, 9:18 alẹ́

Ẹ̀yin ará, Olúwa á san yín lẹ́san.

Mo bá ìyàwó mi jókòó. Mo bi í bí Ìyá Ìbejì ṣe sọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní òun ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó ń dúró de ìròyìn, òun fẹ́ wà níbi tí òun á ti máa rí mi nígbà tí mo bá dé. Ó ní òun fẹ́ rí adágún iyọ̀ yẹn. Ó tún ní òun fẹ́ ọjọ́ kan tí èmi á dúró ti àwọn ọmọ, tí òun á sùn títí di ọ̀sán. Gbogbo ohun tó béèrè nìyẹn.

Nítorí náà, Mòrókò dúró ná. Tozeur là ń wò fún ọdún tó ń bọ̀, kìlómítà 50 ni mo máa sá, 100 lè dúró. A máa dé ṣáájú ọjọ́ eré, ká kọ́kọ́ jọ rìn kiri. Mo ti pe olórí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, wọ́n ní kí a kọ lẹ́tà. Ẹ̀gbọ́n mi tún ń kùn, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé ìyàwó mi ló yan ìlú náà, ó ní òun á fi owó díẹ̀ kún un.

Ìbéèrè kan kù fún Nọ́ọ̀sì. Èmi jẹ́ AA, ìyàwó mi AS. Ọmọkùnrin wa náà jẹ́ AS, ó sì fẹ́ máa bá mi sá kìlómítà 5 nínú ìmúra ọ̀sán gangan. Ṣé kí n jẹ́ kó bá mi sá a?

Nọ́ọ̀sì_Adé · Ọjọ́rú, 10:02 alẹ́

Àárọ̀ Sátidé tó ti ń bá yín sá, kí ó máa bá a lọ, kìlómítà 5 kò pọ̀ jù fún ọmọ tó ti mọ́ lára. Ìmúra ọ̀sán yẹn ni kí ó yọ ara rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ ní ti ọdún yìí, nítorí ara ọmọdé kì í tètè fi ooru sílẹ̀ bíi ti àgbà. Kí ó jẹ́ òun ni yóò máa dá ìwọ̀n eré, kí ẹ̀yin máa tẹ̀ lé e, kí ó má fipá lé yín. Kí ó mu omi kó tó jáde. Bí ó bá sọ pé itan òun wúwo, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má sọ fún un pé kó ṣe bí ọkùnrin. Kí ẹ sì sọ fún dókítà yín pé AS ni, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó rìnrìnàjò. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, ẹ sọ fún un pé kó sùn títí di ọ̀sán.